Ohùn Méjì Nínú Kásẹ́ẹ̀tì Kan

Òórùn rédíò tó ti gbóná ni mo fi ń mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n mi ti jí láàárọ̀ Sátidé. Edgewater là ń gbé, nínú ilé alájà gíga kan létí adágún, yìnyín á lẹ̀ mọ́ fèrèsé. Ẹ̀yin tí a jọ ṣèwe ní Chicago, ẹ ó rántí ìgbà tí orin níú wéèfù ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìgboro: dùùrù oníná tó ń dún bí agogo inú omi, ìlù tí ọwọ́ ènìyàn kò lù, akọrin á máa kọrin bí ẹni tí òtútù mú. Bọ̀ọ̀dá Ràṣídì, ẹ̀gbọ́n mi yìí, á gbé rédíò kan ti èkejì, á máa gba orin náà sílẹ̀, á sì máa bá wọn kọ ọ́. Ohùn tirẹ̀ náà á wọnú kásẹ́ẹ̀tì.

Kásẹ́ẹ̀tì yìí kan náà là ń fi kí ará ilé. Bàbá á sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀, ẹni tó ń relé á bá a mú un dé Ìsẹ́yìn. Ìyá Àgbà á gba ohùn tirẹ̀ sí òmíràn, oríkì Bàbá ni yóò fi bẹ̀rẹ̀. Bàbá kì í kọ nǹkan kan sára wọn.

Nígbà tí Ìyá Àgbà kú, àwọn ènìyàn wa wá láti Naperville àti Schaumburg fún àdúà ọjọ́ kẹjọ. Bàbá ní kí wọ́n gbọ́ ohùn ìyá òun, èyí tó rán kẹ́yìn. Ó tẹ rédíò. Níú wéèfù ló bú jáde, Bọ̀ọ̀dá Ràṣídì sì ń pariwo orin lé e lórí.

"Àlàájì," ni àlejò kan wí, "òyìnbó ni Màmá ń sọ n'Ísẹ́yìn ni?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀gbọ́n mi ti dọ̀bálẹ̀. "Daddy, ẹ jọ̀ọ́, mo rò pé blank ni, pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀."

Ìyá wa a máa sọ pé bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, a ó fi tòsì fà á mọ́ra. Ọwọ́ méjèèjì ni Bàbá fi fa okùn kásẹ́ẹ̀tì náà já wẹ́wẹ́. Kí ìgbà ooru tó dé, ó ti dá ẹ̀gbọ́n mi padà sí Ìsẹ́yìn, "kó lọ mọ ilé." Ibà ló pa á níbẹ̀.

Ohùn Ìyá Àgbà ni mo sunkún lé lórí lọ́jọ́ tí Bàbá fa kásẹ́ẹ̀tì náà já. Mo tilẹ̀ gbà pé Bàbá jàre. Ọmọdé ni mí, n kò mọ̀ pé ohùn ẹ̀gbọ́n mi kan ṣoṣo tí ì bá kù fún mi ló ń fà já lójú mi. Mo ti wá dàgbà ju Bàbá ìgbà yẹn lọ. Bí mo bá gbọ́ irú orin bẹ́ẹ̀ ní ilé ìtajà, mo máa ń dúró títí yóò fi parí. Akọrin nìkan ló máa ń dá a kọ.