Ọmọ Tí Mo Jẹ́ Kó Máa Tiro

Ojú ń tì mí láti kọ ọ̀rọ̀ yìí, bẹ́ẹ̀ èmi kì í ṣe ẹni tí ojú ń tètè tì. Olùkọ́ ni mí, ẹnu ni mo fi ń jẹun. Nínú ilé tí a háyà ní Ìtamàgà, kò sí ayálégbé tó lè bá mi fa ọ̀rọ̀ kó borí.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ́pọ̀, ọmọ mi obìnrin sì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ilé kan wà ní Ẹ̀pẹ́ tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ọmọ tí kò lè rìn. Àwọn tó ń bójú tó o ṣètò eré sísá: òbí kan àti ọmọ kan yóò jọ sáré láàárọ̀ Sátidé, ṣùgbọ́n kí ọjọ́ náà tó pé, wọn yóò gbé ìwé kiri, kí àwọn èèyàn dá owó fún ilé náà. Láti iléèwé ni ọmọ mi ti mú ìwé tiwa wálé. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí èmi àti ẹ̀yin jọ sá a." Mo ní ó ti parí. Ẹnu mi ò dúró síbẹ̀. Mo sọ létí àwọn òbí yòókù pé kò sẹ́ni tó máa rówó kó jọ tó wa.

Àdúgbò Láṣunwọ̀n la kọ́kọ́ gbà lọ. Bàbá kan tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe ka ìwé wa látòkè délẹ̀, ó wá bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Ìyáàfin, ẹ̀yin lẹ máa sáré, àwa la máa sanwó? Èèyàn kì í déédéé sáré nínú ẹ̀gún o. Ta ló ń lé yín?"

Àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú ń bí mi burúkú burúkú. A rin àdúgbò náà já, kò sẹ́ni tó kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé wa.

Bí a ṣe dé Gáréèjì Ìkòròdú nìyẹn. Ẹni tó bá mọ ibẹ̀ mọ̀ pé àwọn tó ń wá owó ìtọ́jú ọmọ wọn máa ń dúró láàárín èrò, ọmọ lọ́wọ́ kan, ìwé ilé ìwòsàn lọ́wọ́ kejì. Èmi náà mú ọmọ lọ́wọ́ kan, mo mú ìwé lọ́wọ́ kejì. Táífọ́ọ̀dù sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọmọ mi sílẹ̀ ni: ó ti gbẹ, mo ti gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀. Kò wá sí mi lọ́kàn rárá bí a ṣe máa rí lójú ẹni tó ń wò wá.

Màmá kan ń ta búrẹ́dì nítòsí ibi tí ọkọ̀ ti ń kó èrò. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún un nípa àwọn ọmọ tí kò lè rìn. Kò jẹ́ kí n parí rẹ̀. Ẹsẹ̀ ọmọ mi ló ń wò.

"Ọmọ náà nìyí? Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá ọmọ. Ọlọ́run á wò ó sàn."

Ó ti ń tú owó létí ìró rẹ̀. Ìdáhùn tó yẹ kí n fún un kò gùn: rárá, mà, kì í ṣe òun. Èmi tí mo máa ń sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́! Mo ní, "Ẹ ṣé, mà." Ó béèrè ọjọ́ tí ètò náà máa wáyé àti ibi tó máa ti wáyé, mo sọ fún un.

Látìgbà náà, n ò dárúkọ eré sísá mọ́. Màá ní àwọn ọmọ tí kò lè rìn, màá wá dákẹ́, kí wọ́n fi ojú ara wọn wo ọmọ mi. Àwọn tó ń fi fóònù ṣòwò ìpè lábẹ́ agboòrùn dá owó. Agbèrò kan tó ń bá gbogbo ayé jà dá owó. Nígbà tí a sọdá títì, mo rí i pé ọwọ́ ọmọ mi ń wúwo lọ́wọ́ mi, mo wolẹ̀. Ó ń tiro. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Ó ti rí ohun tó ń mú owó jáde, ó sì fẹ́ ràn mí lọ́wọ́. Mo lè ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ńṣe ni mo dín ìrìn mi kù, mo sì dì í lápá mú bí ẹni ń mú aláìsàn rìn. Ìwà ìkà ni, n ò ní orúkọ míì tí mo lè pè é.

Mo ń sọ fún ara mi pé owó náà ò wọ àpò mi, gbogbo rẹ̀ ló máa dé Ẹ̀pẹ́. Òótọ́ ni, ó dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà, èmi ò sì lè wo ojú ọmọ mi nígbà tí mò ń bu oúnjẹ fún un lálẹ́ ọjọ́ náà.

Lọ́jọ́ eré, ní Ẹ̀pẹ́, wọ́n gbé àwọn ọmọ ilé náà jókòó sétí títì kí wọ́n lè máa pàtẹ́wọ́ fún wa. Atẹ́gùn ọ̀sà ń fẹ́, inú gbogbo èèyàn dùn. Ọmọ mi fa aṣọ mi.

"Mọ́mì, màmá oníbúrẹ́dì nìyẹn. Ṣé kí n sáré ni, àbí kí n máa tiro?"

Ó béèrè rẹ̀ bí ọmọ ṣe ń béèrè aṣọ tó máa wọ̀. Mo gbójú sókè, mo rí màmá náà pẹ̀lú búrẹ́dì nínú ọ̀rá, tó wọkọ̀ láti Ìkòròdú nítorí wa. N ò dá ọmọ mi lóhùn. Wọ́n fọn fèrè, àwọn ọmọ yòókù sáré, tèmi sì bẹ̀rẹ̀ sí í tiro níwájú àwọn tí kò lè rìn lóòótọ́. Ọ̀kan nínú wọn, láti orí àga rẹ̀, sọ fún un pé, "Pẹ̀lẹ́ o."

Ọmọ mi dúró. Ó bú sẹ́kún. Ó kúrò lójú títì, ó lọ kúnlẹ̀ níwájú màmá náà.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, nǹkan kan ò ṣe ẹsẹ̀ mi."

Mo ń retí èébú. Kí n sòótọ́, mo fẹ́ ẹ. Màmá náà bẹ̀rẹ̀, ó tẹ orúnkún ọmọ mi lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Kò dùn ẹ́? Ibí yìí ńkọ́?"

"Rárá, mà."

"Alihamudu lilahi," ni màmá náà wí, omi sì wà lójú rẹ̀. "Dìde, ọmọ mi. Sáré kí n rí i."

Kò wo apá ọ̀dọ̀ mi rárá.

Ọmọ mi sáré. Ó yẹ kí n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwa méjèèjì la jọ forúkọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi kò gbé. Ó bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mejì bóyá mò ń bọ̀. Lẹ́yìn náà, kò bojú wẹ̀yìn mọ́.