Orúkọ Ohun Tó Pa Àbúrò Mi

Ọ̀kadà kọlu àbúrò mi obìnrin ní Bẹẹrẹ, egungun itan rẹ̀ sì kán. Lọ́jọ́ kẹta tó ti wà ní ọsibítù, mímí bẹ̀rẹ̀ sí í ni ín lára. Kó tó di ọ̀sán, ó ti kú.

Bàbá wa, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, ò sunkún. Wọ́n gba ìwé ikú lọ́wọ́ dókítà, wọ́n sì ń wo ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀: "embolisim."

"Dókítà, kí ni ìtumọ̀ èyí?"

Dókítà náà, obìnrin tí kò tíì dàgbà púpọ̀, jókòó tì wọ́n. "Bàbá, bí egungun bá kán, ọ̀rá inú rẹ̀ lè wọnú ẹ̀jẹ̀. Òun ló lọ dí iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ẹ̀dọ̀fóró ọmọ yín."

"Ṣé bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyí?"

Ó tún ìwé náà wò. "Rárá, sà. 'I' kan ti lé. Ẹ má bínú."

Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká máa lọ."

"Ọmọ mi ò ní gbé àṣìṣe wọ sàréè."

Dókítà kọ òmíràn. Bàbá wa fi ìka tọ lẹ́tà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, *embolism*, wọ́n ní ó péye. Bá a ṣe jáde síta, wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹkún sì gbé wọn.

Èmi ni mo sọ fún ìyá wa nílé, ní Ìsàlẹ̀ Òsì. Wọ́n bi mí pé kí ló pa á. Mi ò lè pe ọ̀rọ̀ náà. Mo ní egungun tó kán ni.