Irin Tí Sẹnami Fi Ń Gé Etí Ìwé

Ọdún kẹtàdínlógún rèé tí Sẹnami ti ń tẹ ìwé àṣekágbá fáwọn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu géètì yunifásítì kan ní Kútọnu. Lọ́dún tó kọjá, rédíò ń kígbe pé ojo lẹni tó bá fi olè lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Sẹnami ò ṣojo. Òun ló kọ́kọ́ la irin tó fi ń gé etí ìwé mọ́ orí ọmọkùnrin kan tí wọ́n ló jí alùpùpù. Àwọn tó kù sọ ọ́ lókùúta, wọ́n sì dáná sun ún láàyè.

Lọ́dún yìí, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń jẹ́ Dosu gbé ìwé tiẹ̀ dé: bí rédíò ṣe ń sọ aráàlú di apànìyàn.

"Ìwé játijàti!" Sẹnami ń tẹ̀ ẹ́, ó ń bú u. "Olè ò tíì jí tiyín ni!"

Ó wá ku ojú ewé tí wọ́n máa ń tẹ̀ gbẹ̀yìn, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń dárúkọ ẹni tó kọ̀wé fún. Dosu ń pe ọ̀rọ̀ náà sókè, Sẹnami ń tẹ̀ ẹ́:

"Fún àbúrò mi Setọnji, tí wọ́n sun lẹ́nu géètì. Òun ló ni alùpùpù náà."

Ọwọ́ Sẹnami kú sórí ẹ̀rọ.

"Ẹ parí ẹ̀, Tàńtí," ni Dosu wí. "Kẹ́ ẹ wá fi irin yín yẹn gé etí ẹ̀."