Noelene Pascoe, Olùtọ́jú Ẹyin

Ọgbọ̀n ọdún ni Noelene Pascoe fi tọ́jú ẹyin ní yàrá ìwádìí kan ní Adelaide. Inú abà adìẹ ni wọ́n bí i sí, ní Murray Bridge. Kò kàwé púpọ̀. Ṣùgbọ́n bó bá fi sísọ́ọ̀sì gé fèrèsé sí èèpo ẹyin, ọlẹ̀ inú rẹ̀ kì í mọ̀.

Dimitra, ọ̀dọ́bìnrin olùwádìí kan níbẹ̀, ń wá ìdí ọ̀rọ̀ kan: ṣé awọ inú ikùn ọlẹ̀ ló mọ ohun tí òun yóò dà, àbí ẹran tó bò ó ló ń sọ fún un? Ó bó awọ inú iwe, ikùn líle tí adìẹ fi ń lọ ọkà. Ó fi ẹran ikùn òkè bò ó, ikùn tí ń sun omi tó ń da oúnjẹ. Ó gbé e sínú ẹyin mìíràn kó lè dàgbà. Bí ihò olómi bíi ti ikùn òkè bá yọ lára awọ náà, a jẹ́ pé ẹran ló kọ́ ọ.

Ó ṣe ogójì. Ìkankan kò yọ ihò. Ọdún méjì ti lọ sí i, ọ̀gá wọn sì ní bí oṣù tó ń bọ̀ bá parí báyìí, kó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀.

Noelene bi í pé ọlẹ̀ ọjọ́ mélòó ló ń lò. Dimitra ní ọjọ́ mẹ́jọ, nítorí wọ́n tóbi díẹ̀, wọ́n sì rọrùn láti bó. Láti Mọ́ńdè tó kó ẹyin sínú ẹ̀rọ tí ń sàba ló ti ń kà á.

Noelene mú ẹyin kan tí kò tíì dé inú ẹ̀rọ, ó fọ́ ọ sínú àwo. Fọ́nrán ẹ̀jẹ̀ ti wà lójú pupa rẹ̀.

“Fúráìdè ni ọkọ̀ ń gbé wọn wá,” ó ní. “Abẹ́ páànù ìta ni wọ́n ń wà títí di Mọ́ńdè, nínú ooru Fẹ́búárì yìí. Oòrùn ti bá ọ sàba. Ta ló sọ fún ọ pé ẹyin ń sinmi ní Sọ́ńdè bíi tiyín?”

“Ọjọ́ mẹ́jọ mi ti di mẹ́wàá nìyẹn.”

“Àgbàlagbà lo ń kọ́ ní ijó, ọ̀rẹ́.”

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Awọ náà ti gbó kọjá ẹ̀kọ́.

Noelene fúnra rẹ̀ wakọ̀ lọ sí Murray Bridge, ó kó ẹyin tí adìẹ yé láàárọ̀ ọjọ́ náà sínú kúlà, ó sì fi pẹ́ńsùlù kọ wákàtí sára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ kẹfà tí ẹyin náà dé inú ẹ̀rọ ni wọ́n bó awọ tó fẹ́lẹ́ ju ti àlùbọ́sà lọ. Dimitra dìde nídìí iṣẹ́ fún Noelene. Noelene bó mẹ́rìnlélógún, kò fa ìkankan ya. Wọ́n fi ẹran ikùn òkè bo méjìdínlógún, wọ́n fi ẹran iwe fúnra rẹ̀ bo mẹ́fà, kí wọ́n lè rí ìyàtọ̀.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án nínú ẹyin mìíràn, wọ́n gé wọn wò lábẹ́ awò tí ń sọ kékeré di ńlá. Nínú méjìdínlógún, mọ́kànlá yọ ihò. Mẹ́fà yẹn kò yọ nǹkan kan.

Ọ̀gá wò ó, ó tún un wò. Ó ní kí Dimitra máa bá iṣẹ́ lọ. Dimitra ní orúkọ Noelene gbọ́dọ̀ wà lórí ìwé ìwádìí náà. Noelene ní kí wọ́n jẹ́ kóun fọ sísọ́ọ̀sì òun ná.

Wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Orúkọ kejì ni.