Àgbò Iléyá àti Wòléwòlé Ẹran

Lásìkò tí òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fìdí ìjọba múlẹ̀, òwò àgbò ni mo ń ṣe. Ìlọrin la ti ń rà wọ́n. Wọn a fẹsẹ̀ rìn gba Ògbómọ̀ṣọ́ dé Ọ̀yọ́, ibẹ̀ la ó ti kó wọn sínú mọ́tò lọ bá rélùwéè ní Ìbàdàn, ó di Èkó, ó di inú ọkọ̀ ojú omi. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ṣòwò ní Kùmásì lókè òkun ń retí àgbò mi, Iléyá sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Bí ọkọ̀ ojú omi bá fi mí sílẹ̀, ta ni yóò ra àgbò lẹ́yìn Iléyá?

Ní Ọ̀yọ́, a ti de àwọn àgbò tọwọ́ tẹsẹ̀, a ti tò wọ́n léra bí igi ìdáná nínú mọ́tò, ni ọkùnrin kan dé nínú ṣòkòtò kákí. Wòléwòlé ẹran ni, ìjọba ló ní kó máa yẹ ẹran tó ń lọ sókè òkun wò.

"Ẹ kú ìrìn o," ó ní.

Èmi àti awakọ̀ jọ dáhùn: "A dúpẹ́ o, ẹ kú iṣẹ́."

"Ẹ̀yin kọ́ ni mo kí. Àwọn tó rìn ni mo kí."

Àṣé àwọn àgbò ló ń kí bí ẹni kí àgbà! Ó ní ká tú wọn, ká fún wọn lómi, ká wá mọ́tò kejì kí wọ́n lè rí ibi dúró sí. Inú bí mi gidigidi.

"Ọ̀gá, ṣé àna yín ni wọ́n ni?"

Ó tú èyí tó tóbi jù sílẹ̀. Àgbò náà dìde, ó ń tiro.

"Ìyá, onígbàgbọ́ ni mí o," ó ní, "ṣùgbọ́n mo gbọ́ pé ẹ̀yin kì í fi àgbò tó ń tiro ṣe Iléyá."

Onígbàgbọ́ ló wá ń kọ́ èmi ọmọ àfáà! Mo na owó sí i kó jẹ́ ká lọ, ó ní kí n fi ra koríko. Òun fúnra rẹ̀ bá wa pọn omi, ó sì fi òrí wọ́ ẹsẹ̀ wọn. A wá mọ́tò kejì, ṣùgbọ́n èyí tó ń tiro kò kúrò l'Ọ́yọ̀ọ́. Síbẹ̀, mo ṣépè fún wòléwòlé náà dé Ìbàdàn.

Wọ́n ti fẹ́ fa àkàbà ọkọ̀ ojú omi sókè kí a tó dé etí òkun. Ní Kùmásì, àfáà àwọn oníbàárà mi fọwọ́ tẹ ẹsẹ̀ àgbò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Alhamdulillahi, gbogbo wọn ló pé, kò sí èyí tó ń tiro." Mo tẹ́wọ́ níbẹ̀, mo ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹsẹ̀ wòléwòlé Ọ̀yọ́ yẹn rọ láé.