Ọjọ́ tí Lawang Gba Abẹ́ Ilẹ̀ Lọ Bá Ogun

Lawang kúrú. Bó bá dúró láàrin àwọn ológun ìlú Spinkot, fìlà irun àgùntàn orí rẹ̀ kì í kọjá àyà wọn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ karezi kò fẹ́ ẹni gíga. Ihò tóóró ni karezi, láti ẹsẹ̀ òkè ni wọ́n ti ń gbẹ́ ẹ bọ̀ wálé, kí omi lè gba abẹ́ ilẹ̀ wọ ìlú láìjẹ́ pé oòrùn fà á mu lọ́nà. Ogún ọdún ni Lawang ti ń rápálá nínú rẹ̀, tó ń kó ẹrẹ̀, tó ń fi òkúta ti ibi tó bá fẹ́ wó.

Gbogbo ìlú ló ń mu omi yìí, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó ń pọ́n Lawang lé. Láàrin ẹ̀yà Paṣitun ìgbà náà, idà ni wọ́n fi ń mọ ọkùnrin. Zmarak, tí ọwọ́ rẹ̀ le jù nínú àwọn ológun, kì í tilẹ̀ pè é lórúkọ.

"Òkété, o ti jáde?" ni yóò wí. "Ilẹ̀ ò tíì gbé ẹ mì?"

"Ẹ̀gbọ́n Zmarak, bílẹ̀ bá gbé mi mì, òùngbẹ ni yóò gbé ẹ̀yin mì."

Ìgbà ìkórè àlìkámà ni ogun dé. Ìjà pápá ìjẹko ló bí i. Àwọn darandaran Ghundai, tó ń gbé lórí òkè, sọ̀ kalẹ̀ wá fún ẹran wọn lómi, ọ̀rọ̀ di ariwo, ariwo di ọ̀bẹ, ọmọ Ghundai kan kú. Kí oṣù tó lé, ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta ẹlẹ́ṣin ti yí odi Spinkot ká. Wọ́n ta ọfà títí, odi ò mira. Ní ọjọ́ karùn-ún ni wọ́n tó gbọ́n.

Zarlakht, ìyàwó Lawang, ló kọ́kọ́ rí i. Ó ti ìdí ìkùdu àárín ìlú, níbi tí omi karezi ń tú sí, kígbe bọ̀ wálé: "Lawang! Omi ti dá!"

Lawang sáré gun orí odi. Lókèèrè, ó rí àwọn òkìtì erùpẹ̀ tó yí ẹnu àwọn ihò tí wọ́n gbẹ́ láti orí ilẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ sínú karezi ká, wọ́n tò lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí dé ẹsẹ̀ òkè. Ọ̀pọ̀ ọ̀tá ń kó òkúta, amọ̀ àti awọ màlúù sínú ihò kẹjọ. Ẹ̀bá ihò keje, tó sún mọ́ ìlú díẹ̀ sí i, ni wọ́n so ẹṣin wọn sí lọ súà. Ó wò ó, ó tún un wò, ó sì ń fi ìka ka àwọn ihò náà. Èrò kan ti sọ sí i lọ́kàn.

Ní ọjọ́ kejì tí omi dá, ètè àwọn ọmọdé ti ń bó. Àwọn àgbà jókòó nílé Bàbá Paindo, olórí ìlú, wọ́n ń wí pé kí wọ́n kúkú ṣí ibodè kí wọ́n kú bí ọkùnrin. Àárín ọ̀rọ̀ yìí ni Lawang wọlé pẹ̀lú ẹrẹ̀ lórúnkún.

Zmarak bú sẹ́rìn-ín. "Ta ló pe òkété sí ìpàdé ogun?"

"Òùngbẹ ló pè mí," ni Lawang wí. "Bàbá Paindo, ẹ gbọ́ mi. Wọ́n dí omi, ọ̀nà omi sì ti gbẹ. Ọ̀nà tó bá ti gbẹ, ènìyàn lè gbà á. Abẹ́ àgọ́ wọn gan-an ló gbà kọjá. Àwọn yẹn ò mọ̀, àgùntàn ni wọ́n mọ̀. Ẹ fún mi ní ogójì ọkùnrin tíkùn wọn ò yọ."

Bàbá Paindo wá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. "Zmarak, fa ikùn rẹ wọlé. Ìwọ ni yóò ṣáájú wọn."

Wọ́n fi àdéhùn sí i. Ọ̀sán gangan, tí ooru bá lé àwọn ọ̀tá sábẹ́ àgọ́, ni ogójì náà yóò gba ihò keje yọ, kí wọ́n tú àwọn ẹṣin. Lawang yóò tẹ̀ síwájú lọ fọ́ ohun tí wọ́n fi dí omi ní ìkẹjọ. Bí omi bá ti dé inú ìkùdu, kí ibodè ṣí, kí gbogbo ọmọkùnrin ìlú tú jáde.

Ẹ wo àwọn akọni lábẹ́ ilẹ̀! Àwọn tí kì í sá fún ọ̀kọ̀ ń mí bí ewúrẹ́ tó ń rọbí. Zmarak di etí ẹ̀wù Lawang mú.

"Lawang," ó rọra pè é, "ṣé òkè yìí ò ní wó lé wa lórí?"

"Kò ní wó, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ṣáà má fi orí kàn án."

Ìmọ́lẹ̀ ihò keje tàn sórí wọn. Lára ògiri rẹ̀ ni Lawang ti gbẹ́ ibi ìtẹ̀sẹ̀ sí tipẹ́. Zmarak fi idà ha ẹnu, ó gùn ún, àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Kò pẹ́, igbe ta lókè: "Ẹṣin! Ẹṣin wa o!" Pátákò wá ń ró gbì gbì gbì, ilẹ̀ ń mì, iyẹ̀pẹ̀ ń dà sí Lawang lójú. Ẹ̀rín ń pa á lóun nìkan. Ó sáré rápálá lọ sí ìkẹjọ.

Ó fi ọkọ́ kékeré gún amọ̀, ó gún un, ó yọ òkúta kan. Èrò rẹ̀ ni pé kó mú un rọ̀ díẹ̀, kó sì sáré padà gun ihò keje. Omi ọjọ́ méjì ò dúró gbọ́ èrò rẹ̀. Gbàù! Òkúta, awọ, ẹrẹ̀, gbogbo rẹ̀ ya lù ú. Ó yí bìrí, ó mu omi yó, ó fi èjìká gbá ògiri, kò mọ òkè kò mọ ilẹ̀.

Àwọn obìnrin dúró ti ìkùdu pẹ̀lú ìkòkò òfìfo. Wọ́n gbọ́ tí ilẹ̀ ń kùn. Omi pupa tú jáde, ọkọ́ tẹ̀ lé e, Lawang náà tẹ̀ lé e, ó ṣubú sáàárín wọn bí ẹja.

"Omi dé!" ni Zarlakht pariwo. "Yéè! Ọkọ mi ni omi gbé wá!" Ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń fa ọkọ rẹ̀ ní irùngbọ̀n jáde.

Ibodè ṣí. Ẹlẹ́ṣin tí kò lẹ́ṣin mọ́, kí ni yóò fi jà? Síbẹ̀ àwọn Ghundai jà. Ọmọ Spinkot mọ́kànlá ló ṣubú lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Zmarak sì pàdánù ìka méjì. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, àwọn àgbà Ghundai fa àgùntàn wá tọrọ àlàáfíà. Wọ́n gbé òkúta ńlá kan sílẹ̀ láàrin, wọ́n búra lé e pé ogun ti tán.

"Ta ló mú yín gba abẹ́ ilẹ̀?" ni àgbà Ghundai kan bi wọ́n.

Zmarak na ọwọ́ tí wọ́n wé láṣọ sí Lawang.

Bàbá náà kọjú sí i. "Ọmọ mi, omi ló mú wa sọ̀ wá sórí pápá yín. Ṣé o lè gbẹ́ irú rẹ̀ fún wa?"

Ariwo sọ. Àwọn kan ní kí Lawang má dán an wò, ẹ̀jẹ̀ ò tíì gbẹ. Lawang sọ pé, "Bí wọ́n bá ní tiwọn, kí ni wọn yóò tún wá ṣe lórí pápá wa?"

Ọdún mẹ́ta ló fi gbẹ́ karezi Ghundai. Lọ́jọ́ tí omi yọ, ó ránṣẹ́ pe Zarlakht. Zarlakht bu omi mu, ó tún bù ú.

"Ó dùn ju ti Spinkot lọ," ló wí.

"Ṣọ́ra," ni Lawang dáhùn. "Má sọ bẹ́ẹ̀ nílé o."