Alángbá Jẹ́rìí Takò Mí Lóko Ìlerò

Ẹ gbà mí o! Alángbá ló dájọ́ ebi fún mi lónìí.

Wàrà díndín mẹ́ta ni Ìyá Mùtíù, ìyàwó mi, gbé sínú abà wa lóko Ìlerò. Nígbà tó máa fi ṣa igi dé, abọ́ nìkan ló bá.

Ó ní, "Bàbá Mùtíù, wàrà mi dà?"

Mo tọ́ka sí alángbá kékeré kan, irú àwọn tí ń sá kiri inú ọ̀dàn yìí, tó wà lórí òkúta lẹ́nu abà. Mo ní, "Bi í. Òun ló jẹ ẹ́."

Ó bi í lóòótọ́: "Ṣé ìwọ lo jẹ wàrà mi?"

Alángbá mi orí lẹ́ẹ̀mẹta. Mo fò sókè: "Ó ti jẹ́wọ́!"

Obìnrin yìí ò kúrò níbẹ̀. "Àbí baálé mi ló jẹ ẹ́?"

Alángbá tún mi orí.

"Ṣé kí n má dáná fún wọn lónìí?"

Ọ̀dájú! Ó mi orí bí ẹni tí ọrùn rẹ̀ fẹ́ já.

Èmi náà sún mọ́ ọn, mo rọra bi í: "Àlàájì, ṣé ó yẹ kó fún mi lóúnjẹ?"

Ó wò mí tìkà-tẹ̀gbin, ó sá wọ inú koríko lọ.

Ìyá Mùtíù ní, "Ṣé ẹ gbọ́ ohun tó wí?"

Ẹ̀yin ará Ìgànná, ẹ̀yin ará Ìpàpó, ta ló ní alángbá tó ń bọ̀wọ̀ fún àgbà? Kó fi ọ̀kadà gbé e wá fún mi kíá.

Kẹ́ ẹ sì tó dá mi lẹ́bi: wàrà mẹ́ta kì í yó àgbàlagbà.